Ọmọrí Igbá Oyèrónkẹ́

Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà níbi ìpàtẹ ohun àtijọ́ lọ́jọ́ náà, àtẹni tó ríran àtẹni tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, ṣùgbọ́n Mùnírù nìkan ló rí i. Kò sẹ́nìkejì. Ojú tó wà nínú yàrá Ẹgbẹ́ Atọ́jú-Ohun-Àná lé ní ẹgbẹ̀rún, yàrá tí ogún ènìyàn ò lè dúró sí kí wọ́n má tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ojú Mùnírù nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ohun tó rí nìyí. Samuel tíṣà, akọ̀wé ẹgbẹ́, fẹ́ tú aṣọ tí wọ́n fi di igbá ìyàwó kan tó ti Ọ̀yọ́ wá. Kókó aṣọ náà le débi pé ó ní láti fi eyín tú u, àwọn èrò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣí igbá kí wọ́n rí inú ẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ dé e padà, ọmọrí kọ̀. Ó yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yẹ̀ sósì, kò jókòó, bí àpótí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Samuel yáa ju aṣọ bò ó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọjá síbi ìkòkò, ẹ̀yin ènìyàn mi."

Èrò kọjá síbi ìkòkò. Mùnírù ò kọjá.

Akódà kóòtù ni Mùnírù. Kóòtù fún un ní fìlà pupa kan àti kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní búréèkì, pé kó máa fi pe ẹlẹ́jọ́. Iṣẹ́ tó fún ara ẹ̀ ni kó máa mọ ohun tí kò kàn án. Lẹ́nu tiẹ̀, olè tó ti mú pọ̀ ju irun orí ẹ̀ lọ. Lẹ́nu ará ìlú, ewúrẹ́ kan ló bá wọn rí, ewúrẹ́ ọ̀hún sì ti ń bọ̀ wálé fúnra ẹ̀ nígbà tó pàdé ẹ̀.

Ẹgbẹ́ Atọ́jú-Ohun-Àná ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ń pe ara wọn. Ẹgbẹ́ Alákìísà ni ìlú ń pè wọ́n. Àwọn tíṣà díẹ̀, àwọn oníṣòwò díẹ̀, àti Bàbá Stephen, kátíkíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n kóra jọ pé ayé òyìnbó ń sáré jù, kí nǹkan bàbá àwọn má di ti ààtàn. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n á máa ti agbo ilé kan bọ́ sí èkejì, wọ́n á jókòó ti àwọn àgbà, wọ́n á gbọ́ ìtàn, wọ́n á sì tọrọ ohun àtijọ́ yá: apó ọfà láti Ìkòyí-Ilé, aṣọ òfì ìyá ìyá ẹnìkan, ọkọ́ tí ilẹ̀ ti jẹ tán. Àwọn náà ló ro igbó tó ti bo odi ìlú mọ́lẹ̀, tí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n títí di ọdún kejì. Tí ọjọ́ ìpàtẹ bá pé, ẹni tó ní nǹkan á wá wo nǹkan ẹ̀, wọ́n á fún un ní àkàrà, á sì máa rìn bí ìjòyè lọ sílé.

Nígbà tí àkàrà tán tí èrò tú ká, Samuel ló kù lórí àga. Ó gbé igbá náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn.

"Tíṣà, ẹ kú ìpàtẹ òní."

"Mùnírù, a ti parí. Máa lọ sílé."

"Mo rí i."

"O rí kí ni?"

"Ọmọrí tó kọ igbá ẹ̀."

Samuel ò gbójú sókè. "Ta lo ti sọ fún?"

"Èmi? Inú mi jìn bíi kànga, tíṣà."

"Inú ẹ jìn bí àwo ẹ̀kọ," Samuel ní. Ṣùgbọ́n ìdààmú ti pọ̀ lórí ẹ̀ ju kó máa ṣa ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fún. "Igbá ilé ìyàwó mi ni. Ilé Oyèrónkẹ́, l'Ọ̀yọ́. Gbogbo ọmọbìnrin ilé yẹn, òun ni wọ́n ń gbé lérí lọ sílé ọkọ. Tí ìyàwó bá ti wọlé ọkọ tán, wọ́n á dá igbá padà fún èyí tó kàn. Oyèrónkẹ́ ló kàn báyìí. Bí kò bá sí igbá, baálé wọn ò ní í jẹ́ kó jáde nílé. Ìgbéyàwó wa ò sì jìnnà mọ́."

"Ẹ wá lọ yá igbá ìyàwó ara yín?"

"Igbá tó rẹwà tó o ò sí ní gbogbo Ọ̀yọ́. Ìpàtẹ ẹgbẹ́ ni mò ń rò."

"Ìwé ti pọ̀ lórí yín jù, tíṣà. Ta ló yá yín?"

"Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá Oyèrónkẹ́ ni, ọmọ ilé náà ni. Ọkọ ẹ̀ kú, ó padà wá sílé bàbá ẹ̀, òun ló tọ́ Oyèrónkẹ́ dàgbà. Mo béèrè nígbà iṣu tuntun. Ó ní kí n jẹ́ kóun kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí n padà wá tí òjò bá dá. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni mo lọ gbé e. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi dì í, ó ní kí n má tú u títí di ọjọ́ ìpàtẹ."

"Ẹ ò sì tú u?"

Samuel wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè òpònú. "Ó ní kí n má tú u."

Mùnírù gba igbá. Ọmọrí ti pọ́n dúdú, ó ń dán, òrí àti osùn ọwọ́ ìyàwó tó ti wọ̀ ọ́ lára ò níye. Àwọn alángbá àti ẹja tí wọ́n fín sí i ti fẹ́ máa parẹ́. Ti ìsàlẹ̀ náà pọ́n, alángbá ńbẹ, ẹja ńbẹ. Mùnírù yí inú ẹ̀ sókè: funfun báláú. Ó bá fi ahọ́n kàn án.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ó korò." Ó tutọ́ sílẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn. "Igbá tí wọ́n ti ń lò látìgbà ìwáṣẹ̀, tíṣà, kì í korò. Tuntun ló ń korò. Wọ́n fi osùn pa ìta kó lè jọ arúgbó, wọ́n gbàgbé inú. Igbá kan náà ni wọ́n máa ń là sí méjì. Èyí tó bá jáde lára ẹnìkejì ẹ̀ nìkan ló ń jókòó lé e. Ọmọrí yìí, ti Ìyá Àgbà ni. Ìsàlẹ̀ yìí, ti olè ni."

"Olè?" Bàbá Stephen ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́rùn ẹ̀ níbi tó máa ń wà. Ó rọra jókòó. "Ohun tí wọ́n fi sí wa níkàáwọ́ ti sọnù nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, Samuel, èmi àti ẹ la jọ ń lọ sí Ọ̀yọ́. A ó dọ̀bálẹ̀ fún baálé, a ó jẹ́wọ́."

"Bàbá, wọn ò ní í fún mi níyàwó mọ́."

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ní òun ń tọ́jú ohun àná, tó wá ń parọ́ nípa ẹ̀, kí ló ń tọ́jú?"

Mùnírù nìkan ló ní ẹnu.

"Bàbá, ẹ fún mi di Sátidé. Bí mi ò bá rí olè yìí, kí wọ́n máa pè mí ní ewúrẹ́."

"Wọ́n ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ látijọ́," Bàbá Stephen ní.

"Ta lẹ ti fún ní kọ́kọ́rọ́ yín rí?"

"Gabriel nìkan. Ó ní òun fẹ́ wo àwọn nǹkan láìsí èrò. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀."

"Mo pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn," Samuel ní. "Abẹ́ agbádá ẹ̀ wú."

Mùnírù ti dé orí kẹ̀kẹ́ kó tó sọ ọ́ tán.

*

Gabriel ni gbogbo ayé á kọ́kọ́ fura sí, ìdí nìyẹn tí Mùnírù fi kọ́kọ́ fura sí i. Ó ń ra ohun àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ ń pọ́n, ó ń lọ tà á fún àwọn òyìnbó l'Ọ̀yọ́. Mùnírù bá a nínú ìsọ̀ ẹ̀ l'Ọjà Igbó, ó tẹ fìlà pupa mọ́ iwájú orí kí ẹ̀rù lè bà á.

"Bùrọ̀dá Gabriel, kóòtù ń kí yín."

"Kí kóòtù máa kí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè."

"Ìgbà tẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹgbẹ́, kí lẹ lọ ṣe?"

"Mo lọ wòran."

"Abẹ́ agbádá yín wú."

"Mo sanra."

"Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ fi sanra?"

Gabriel wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fa Mùnírù wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ bí ẹni fa àgbò. Mùnírù ti ń múra láti ja ìjà tí wọn ò jà rí ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí, àfi bó ṣe rí i pé ojú ló ń ti ọkùnrin náà.

"Mo gbé nǹkan wọlé ni. Mi ò gbé nǹkan jáde."

"Kí lẹ gbé wọlé?"

"Ìkòkò tábà bàbá mi. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apó ọfà."

"Kí ló dé tẹ́ ò gbé e wá ní gbangba?"

"Wọ́n á bi mí pé kí ni bàbá mi ṣe láyé. Kò jagun, kò joyè. Ó ń mu tábà, ó sì ń sọ ìtàn fún ọmọ àdúgbò. Òun nìyẹn." Ó na aṣọ ìsọ̀ ẹ̀ tí kò ká. "Mo kàn fẹ́ kóun náà wà láàárín wọn."

Mùnírù rántí ìkòkò tábà náà. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n níbi ìpàtẹ, ibẹ̀ ni àwọn ìyá arúgbó kóra jọ sí, tí wọ́n ń na ìka sí i, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín láàárín ara wọn; apó ọfà tó pa ènìyàn ò rí ẹni wò ó tó bẹ́ẹ̀.

"Mi ò ní í sọ," Mùnírù ní. Ìyàlẹ́nu ni pé kò sì sọ ọ́ títí ó fi dé ìta.

*

Ó wá ku Ọ̀yọ́. Ẹni tó fín ìsàlẹ̀ igbá yẹn mọ iṣẹ́, irú alángbá yẹn ò sì sí níbòmíràn. Mùnírù di ìsàlẹ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn, ó fi ọmọrí sílẹ̀ fún Samuel, ó gun kẹ̀kẹ́. Bó ṣe ń sáré, afẹ́fẹ́ ń pè é lẹ́yìn pé kó rọra. Ó fo odò Ọbà láìkan omi, afárá kúkú wà níbẹ̀. Ìgbà tó dé Ọ̀yọ́, òjìji ẹ̀ ò tíì kúrò l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n júwe Mashood, ẹni tó ń fín igbá, fún un. Mashood jókòó sáàárín èérún igbá, ọ̀bẹ lọ́wọ́, kò gbójú wo fìlà pupa.

"Ta ló fín eléyìí?"

Mashood wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Alángbá tó ń wò ọ́ bí ẹni fẹ́ sá báyìí, ta ló tún lè fín in? Èmi ni. Kò sẹ́nìkejì mi láti ibí dé Ìlọrin."

Inú Mùnírù ò dùn sí i. Kò fẹ́ràn kí ẹlòmíràn máa yangàn níwájú òun.

"O ti jẹ́wọ́ nìyẹn."

"Kí ni mo jẹ́wọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Níbo ni ọmọrí ẹ̀ wà?"

"Mi ò ṣe ọmọrí. Ẹni tó rà á ní ọmọrí tiẹ̀, ó gbé e wá kí n fi wọn ẹnu igbá. Mo ní kò lè bá a mu tán láé, ó ní kò séwu."

"Kò séwu?"

"Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó bá a mu á wá bá òun."

"Ta ni ẹni náà?"

Mashood fẹ́ èérún kúrò lára ọ̀bẹ. "Wò ó, akódà. Bí mo bá ń pe orúkọ oníbàárà mi kiri, èmi náà á máa gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní búréèkì."

"Kóòtù lè ní kó o sọ ọ́."

"Kí kóòtù gbé igbá ẹ̀ wá, n ó bá a fín in."

"Ìgbà wo lo ṣe é? Èyíinì nìkan."

"Ìgbà iṣu tuntun. Òjò ń rọ̀, igbá ò gbẹ, orí ààrò ni mo gbé e kọ́. Omi ńbẹ níbẹ̀ yẹn, mu ún. Ojú rẹ ti wọnú."

Mùnírù mu omi. Ó mu ún tán, ó gbé kẹ̀kẹ́ sábẹ́ igi odán, ó jókòó. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ẹ̀ ṣe lábẹ́ igi yẹn, ó ní ẹ̀rọ òyìnbó kankan ò lè ṣe é.

Iṣu tuntun. Ẹni tó ra ìsàlẹ̀ igbá nígbà iṣu tuntun gbé ọmọrí dání wá. Ọmọrí wo? Ọmọrí kan náà yẹn. Ọyẹ́ ló sì kó Samuel wá gbé igbá. Ìyẹn ni pé kí ọmọrí tó rí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá, ẹnìkan ti wọ̀n ọ́n l'Ọ̀yọ́ níbí. Gabriel kọ́. Ẹlẹ́gbẹ́ kankan kọ́.

Ó wá rántí eyín Samuel. Kókó tí wọ́n fi eyín tú. Gbogbo èrò rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Kókó tí wọ́n bá ti tú rí kì í le bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí Ìyá Àgbà ṣe dì í ló ṣe wà títí di ọjọ́ ìpàtẹ. Bí wọn ò bá wá tú u, ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ ìpàtẹ ni ohun tó wà nínú ẹ̀ nígbà tí ìyá náà ń dì í.

Mùnírù dìde. Ó jókòó padà. Akódà ò tíì mú olè tó lọ́jọ́ lórí tó báyìí rí.

*

Ìyá Àgbà ń ran òwú lẹ́nu ọ̀nà. Mùnírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Òo, ọmọ mi. Ta ni mo pè ọ́?"

"Mùnírù, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wá mú olè ni, Ìyá. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín."

Ó tú ẹrù ẹ̀yìn ẹ̀, ó gbé ìsàlẹ̀ igbá kalẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó. Òwú ò dúró lọ́wọ́ ẹ̀.

"Samuel ló rán ọ?"

"Èmi ni mo rán ara mi. Samuel rò pé olè jí i. Ó ń bọ̀ wá jẹ́wọ́ fún baálé lọ́jọ́ Sátidé."

Òwú dúró wàyí. "Jẹ́wọ́ kí ni? Kò ṣe nǹkan kan." Ó ti ìrànwú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ibi tó o jókòó sí yẹn ló jókòó sí tó ní kí n yá òun nígbá. Àna mi ni. Ẹnu wo ni n ó fi sọ fún àna pé rárá, tí ìyàwó ò tíì wọlé? Igbá yìí ńkọ́, kì í ṣáájú ìyàwó délé ọkọ. Látọjọ́ tí ilé yìí ti ń fi ọmọ fọ́kọ, kò ṣáájú rí. Èmi fúnra mi ni mo rù ú lọ. Bó bá wá ṣáájú, kí ni Oyèrónkẹ́ fẹ́ rù?"

"Ẹ wá fún un ní ọmọrí."

"Igbá ló ń gbẹ́rù. Ọmọrí ò gbé nǹkan kan. Mi ò sọ pé rárá, mi ò sì jẹ́ kígbá lọ."

Mùnírù tó ti ń purọ́ látìgbà tó ti ń rákò rí i pé òun ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé.

"Ẹ wá ní kó má tú u."

"Ọkùnrin ni. Mo ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa tú u. Á rí i pé kò bá a mu, á sáré padà wá, n ó bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Mo retí ẹ̀ títí. Ọyẹ́ mú, ọyẹ́ rọlẹ̀, kò wá." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi etí aṣọ nu ojú. "Wọ́n ní kó má ṣí nǹkan, kò ṣí i. Níbo ni wọ́n ti ń rí irú ẹ̀? Ọmọ tí mo tọ́ fúnra mi, orí pẹpẹ tí mo bá gbé àádùn sí ló ti ń bá mi jẹ ẹ́. Mo lè gbé ọmọ mi fún ọkùnrin yẹn báyìí, kí n sì sùn."

Ó wọlé, ó gbé ìsàlẹ̀ tòótọ́ jáde nínú àpótí. Àwọn alángbá ara ẹ̀ ti rẹ̀, wọ́n ti rin ìrìn tó jìn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n fi ahọ́n kàn án."

"Ahọ́n rẹ?"

"Ahọ́n kóòtù ni, Ìyá."

Ó kàn án. Kò korò. Òrí ló ń rùn, àti obì, àti aṣọ tí wọ́n ti ká pa mọ́ tipẹ́.

"Gbọ́ mi," Ìyá Àgbà ní. "Àbúrò mi tó jẹ́ baálé, ó le. Bó bá gbọ́ pé ọmọrí lásán tiẹ̀ jáde ṣáájú ìyàwó, á ní ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kí wọ́n tú ìgbéyàwó ká. Gbé ìsàlẹ̀ ti Mashood yìí padà fún Samuel, kó dì í mọ́ ọmọrí bó ṣe wà, kó gbé e fún mi, kó pa ẹnu mọ́. Ìwọ náà, búra fún mi: títí ẹsẹ̀ ọmọ mi á fi wọ ilé ọkọ, o ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, Samuel pàápàá."

"Ìyá, èmi Mùnírù? Irú ẹjọ́ tí mo yanjú yìí, kí n gbé e mì?"

"Tó bá ti wọlé tán, sọ ọ́. Sọ ọ́ l'Ọjà Igbó, sọ ọ́ ní Tákíè, gun orí odi sọ ọ́." Ó fà á ní etí, kò dùn ún. "Mo ti gbọ́ nípa rẹ dáadáa. Ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?"

*

Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé, Samuel gbé ẹrù dídì náà mọ́yà. Bàbá Stephen ń rìn níwájú, ẹnu ẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń kọ́ ẹjọ́ tó fẹ́ rò.

"Tíṣà, ẹ máà jẹ́wọ́," Mùnírù ní.

"Sọ ìdí ẹ̀ fún mi."

"Mo ti búra."

"Ìwọ, o búra? Ìwọ tó o ní ẹfọ̀n gbé ọ dé Ìkòyí-Ilé?"

"Wàláì, tíṣà. Ti ẹfọ̀n, mo fi ata sí i díẹ̀. Eléyìí ò láta. Bẹ́ ẹ bá la ẹnu, ìyàwó lọ. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, ìyàwó dé. Ẹ gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí."

Samuel wo ẹ̀yìn Bàbá Stephen níwájú. Ó tún aṣọ ẹrù ọwọ́ ẹ̀ ṣe, ó ń rìn.

Baálé jókòó, àwọn àgbà ilé yí i ká, ojú ẹ̀ le bí ẹní tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Oyèrónkẹ́ yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rí ojú àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀. Bàbá Stephen dọ̀bálẹ̀ tòun ti ọjọ́ orí ẹ̀.

"Baálé, ọ̀rọ̀ kan ló gbé wa wá..."

"Ẹ kú ìtọ́jú, Bàbá," Ìyá Àgbà ní. Ó ti bọ́ sáàárín wọn, ó ti gba ẹrù lọ́wọ́ Samuel, ó ti ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n lórí aṣọ. "Nǹkan tí mo gbé fún yín náà lẹ gbé padà fún mi yìí. Kò lé, kò dín."

Ẹnu Bàbá Stephen dúró sí àlàfo. "Kò dín?"

"Ṣé èmi ni n ò ní í mọ nǹkan tí mo dì? Àbí Samuel ní nǹkan kan láti sọ?"

Gbogbo ilé yíjú sí Samuel. Mùnírù ní òógùn tó jáde lójú tíṣà nígbà yẹn tó fọ aṣọ. Ó wo Bàbá Stephen tó kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa sòótọ́. Ó wo ilẹ̀kùn tí Oyèrónkẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó wá wo Mùnírù, ẹni tí kò sòótọ́ rí ní gbogbo ìlú.

"Kò sí, Ìyá," ó ní. "Bẹ́ ẹ ṣe wí náà ni."

*

Ọjọ́ tí wọ́n mú ìyàwó dé Ògbómọ̀ṣọ́, èrò tó jáde, òyìnbó ò lè kà á. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ Oyèrónkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ó fi ìkejì tẹ̀lé e, igbá wà lórí ẹ̀. Wọ́n bá a sọ̀ ọ́. Ó ṣí i, ó mú obì jáde fún bàbá ọkọ ẹ̀, ó sì dé e padà.

Pó. Ọmọrí jókòó. Kò yẹ̀, kò mì.

Samuel wo igbá. Ó wo Mùnírù. Mùnírù ti ń dúró de ìgbà yìí bí ẹni ń ṣọ́ oṣù ààwẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyàwó ti wọlé, ìbúra ti tú. Ó gun orí odó tí wọ́n dà dé, ó sì rò ó fún gbogbo èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ahọ́n, iṣu tuntun, kókó, ọmọrí tí kì í gbẹ́rù.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń jẹun fi pa oúnjẹ tì. Baálé ilé Oyèrónkẹ́ pàápàá rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò rẹ́rìn-ín látìgbà tí wọ́n ti fi í jẹ. Samuel ní, "Mùnírù, o tún ti dé." Bàbá Stephen nìkan ni kò rẹ́rìn-ín tán. Ó kọjú sí Ìyá Àgbà.

"Ìyá, ṣé òótọ́ lọmọ yìí ń sọ?"

Ìyá Àgbà wo Mùnírù lókè odó níbẹ̀. "Ọmọ yìí?" ó ní. "Ṣé kì í ṣe òun ló gun ẹfọ̀n?"

Ẹ̀rín tún gba ilé kan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Mùnírù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ìyá náà ti ẹrù kékeré kan bọ̀ ọ́ lábẹ́ apá, ó ní kó má tú u títí á fi délé. Kò dé ìta tó fi tú u. Ìsàlẹ̀ igbá ni, funfun báláú nínú, alángbá Mashood lára ẹ̀, kò sí ọmọrí.

Inú ẹ̀ ni Mùnírù fi ń mu ẹ̀kọ títí dòní, lẹ́yìn kóòtù níbẹ̀. Ó ṣì ń korò díẹ̀. Gbogbo ìlú ní irọ́ ni, àti Samuel tó ń sùn ti ìyàwó ẹ̀ lálàáfíà ní irọ́ ni. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ọ yìí má ṣe bí wọn. Ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá fi ahọ́n kàn án.